Àlejò Ń Ròyìn, Onílé Dákẹ́: Àyẹ̀wò Ìwé Léon l'Africain

Òtò wà ní ilẹ̀ gbígbẹ, ó kọjú sí Ìddó àti ọ̀sà. Ilẹ̀ Olótò ni, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọlọ́fin pín ilẹ̀ àti omi agbègbè Èkó fún. Ìtàn yìí kan náà ni ó fi àwọn Àwórì sí Ìddó kí àwọn ará Bìní tó dé, tí ó sì ń sọ nípa awo tí ó léfòó lójú omi títí ó fi rì, tí àwọn tí ń tẹ̀ lé e fi ń jẹ́ Àwórì títí di òní. Ní nǹkan bí ọdún 1472 ni Rui de Sequeira, ará Pọ́túgàl, mú ọkọ̀ rẹ̀ dé etíkun yìí. Iṣẹ́ oníṣòwò kan, Fernão Gomes, ni ó ń jẹ́. Ní 1469 ni ọba Pọ́túgàl fún Gomes ní ẹ̀tọ́ òwò ní etíkun Áfíríkà, lórí àdéhùn pé kí ó máa jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ lọ síwájú ní ọgọ́rùn-ún líígì lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún. Àwọn Pọtogí sọ ọ̀sà náà ní Lago de Curamo. Láti inú ọ̀rọ̀ wọn fún ọ̀sà ni orúkọ Lagos ti jáde, Kuramo pẹ̀lú kò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn ará Èkó. Orúkọ tí àlejò sọ ibẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń pè é. Èyí tí onílé sọ ọ́, onílé ni ó ń pè é.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìgbésí ayé irú àwọn arìnrìn-àjò ìgbà náà kọ ìtàn àròsọ ní láti kọ́kọ́ pinnu orí ẹní tí òun yóò jókòó sí, bóyá ti àlejò ni tàbí ti onílé. Ìpinnu yìí a máa dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ irú ènìyàn tí àwọn tí ó wà ní etí omi yóò jẹ́ nínú ìwé, bóyá wọn yóò ní orúkọ, bóyá wọn yóò sọ̀rọ̀, tàbí bóyá wọn yóò kàn dúró bí igi tí ọkọ̀ ń kọjá lára rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tí ó ti gbìyànjú iṣẹ́ yìí lórí ẹni tí ó rìn dé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kò sí èyí tí ó gbayì tó ìwé tí Amin Maalouf fi èdè Faransé kọ ní 1986, tí ó pè ní Léon l'Africain, tí Peter Sluglett sì túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1988. Ìwé náà dára. Nítorí pé ó dára ni ó fi yẹ kí a bá a wí níbi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó.

Ọkùnrin tí ìwé náà dá lé lórí gbé ayé ní tòótọ́. Al-Hasan ibn Muhammad al-Wazzan ni orúkọ rẹ̀. Granada ni a bí i sí ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí ìlú náà jẹ́ ibi tí ó kẹ́yìn lọ́wọ́ àwọn ọba Mùsùlùmí ní Sípéènì. Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò sí ọdún náà gan-an. Nígbà tí Granada bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọba Kristẹni ní 1492, ilé wọn di ti Fez ní Mòrókò, níbẹ̀ ni ó sì ti kàwé. Ọ̀dọ́mọdé ni nígbà tí ó bá arákùnrin òbí rẹ̀ kan la aṣálẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọ̀wọ́ oníràkúnmí. Ikọ̀ ọba Fez ni arákùnrin yìí, Askia Muhammad ọba Songhai ni wọ́n sì rán an sí. Lẹ́yìn náà ó rìn dé Káírò àti Istanbul. Ní 1518 àwọn ajalèlókun ará Sípéènì mú un lójú omi, wọ́n gbé e lọ sí Róòmù, wọ́n sì fi í ta Póòpù Leo Kẹwàá lọ́rẹ. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1520, Póòpù ṣe ìrìbọmi fún un ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ jíǹkí rẹ̀. Al-Hasan di Johannes Leo, ayé sì ń pè é ní Leo Africanus. Ní Róòmù yìí, ní ìgbà tí ẹ̀kọ́ àtijọ́ ń sọjí tí gbogbo ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ń wá ìmọ̀ kiri, ni ó ti kọ́ Kádínà Egidio da Viterbo ní èdè Lárúbáwá, ibẹ̀ ni ó sì ti parí ìwé ńlá kan lórí ilẹ̀ Áfíríkà ní 1526, ní èdè Ítálì. Ramusio tẹ ìwé náà jáde ní Venice ní 1550, John Pory sì sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì ní 1600. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, bí ará Yúróòpù kan bá fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Timbuktu, ní Gao, ní Kano, ní Katsina tàbí ní Borno, ìwé Leo ni yóò ṣí. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ pòórá. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun kó Róòmù ní 1527, ohun tí ó ṣeé ṣe jù lọ ni pé ó padà sí Àríwá Áfíríkà.

Ẹni tí ó mú un sọjí ní 1986 kì í ṣe àjèjì sí irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Beirut ni a bí Maalouf sí ní 1949. Akọ̀ròyìn ni, ogun abẹ́lé tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Lẹ́bánónì ní 1975 ni ó sì lé e dé ilẹ̀ Faransé ní ọdún kejì rẹ̀. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1983, sọ ìtàn Ogun Àgbélébùú gẹ́gẹ́ bí àwọn Lárúbáwá ṣe rí i. Ènìyàn tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò nínú ìlú tí ń jó kò ní ìṣòro láti kọ bí ìlú ṣe ń bọ́.

Ìwé mẹ́rin ni ó pín ìtàn náà sí: Granada, Fez, Káírò, Róòmù. Orí kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ ọdún kan, bí àwọn àgbà tí kò mọ̀wé ṣe máa ń ka ọdún ní ilé wa, tí wọn a ní ọdún tí eéṣú jẹ oko tàbí ọdún tí ọba lágbájá wàjà. Hasan ni ó ń sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ni ó sì ń sọ ọ́ fún, nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé wọn lọ sí Tunis. Ẹ̀tàn ńlá ni ọ̀nà yìí, ẹ̀tàn tí ó tọ́ sí òǹkọ̀wé. Natalie Zemon Davis, òpìtàn tí ó tẹ ìwé lórí Leo jáde ní 2006, fi hàn pé nínú ìwé tí Leo fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ náà "èmi" kò wọ́pọ̀. "Olùkọ̀wé" ni ó sábà ń pe ara rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni. Ẹni tí ń gbé láàárín àwọn tí ó gbà á lẹ́rú kì í yára sọ pé "èmi." Maalouf wá fún un ní ohun tí ó fi pamọ́ yìí. Láti ojú ìwé kìíní ni Hasan ti ń ka gbogbo orúkọ rẹ̀, ti ilé Mùsùlùmí àti ti ilé Kristẹni, bí ẹni tí ń ki ara rẹ̀.

Ohun tí ó ta yọ jù lọ nínú iṣẹ́ Maalouf ni ilé. Ìwé Leo kò sọ púpọ̀ nípa agbo ilé tí ó ti jáde, ṣùgbọ́n Maalouf kọ́ agbo ilé náà fún un. Ó fún un ní Muhammad bàbá rẹ̀, ẹni tí ń fi òṣùwọ̀n wọn ọjà ní ìlú, nítorí pé ìtumọ̀ al-Wazzan nìyẹn. Ó fún un ní Salma ìyá rẹ̀, àti Warda, ẹrú Kristẹni tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn. Àwọn obìnrin méjèèjì lóyún ní ìgbà kan náà nínú ilé kan náà, gbogbo ẹni tí ó bá dàgbà nínú ilé olórogún ni ó sì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kò sí òpìtàn tí ó lè bá wa rí Warda. Síbẹ̀, ìgbà tí a bá rí i tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ ṣẹ́gun Granada, tí ìṣẹ́gun náà sì tú ilé tí ó ti bímọ sí, ni ọ̀rọ̀ ọdún 1492 tó di ọ̀rọ̀ tí ó ń dunni.

Ohun mìíràn tún wà tí kò yẹ kí òǹkàwé fojú fò. Nínú ìwé Granada, ọmọ ọwọ́ ni Hasan; kò lè jẹ́rìí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Maalouf kò purọ́ pé ó rí i. Ó jẹ́ kí Salma sọ tirẹ̀, kí bàbá sọ tirẹ̀, kí arákùnrin ìyá rẹ̀ sì sọ tirẹ̀, wọn kò sì sọ ohun kan náà. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń sá fún kò lè rí ìlú bí ọkọ ṣe rí i. Ibi tí ìwé náà ti lágbára jù lọ nìyí. Òǹkọ̀wé náà mọ bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu akọni kí a sì gbé e fún ẹlòmíràn. Kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò nílò rẹ̀ nígbà tí a bá dé Timbuktu.

Kí a tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹyẹ wà nílẹ̀. Nínú ìwé tirẹ̀, Leo pa ìtàn ẹyẹ kan tí ó lè gbé ojú òfuurufú, tí ó sì lè gbé inú omi. Nígbà tí ọba ẹyẹ bá wá gba owó-orí, ó bọ́ sínú omi, ó ní ẹja ni òun. Nígbà tí ọba ẹja bá dé, ó fò jáde, ó ní ẹyẹ ni òun. Leo ní bí òun náà ṣe rí nìyẹn: bí wọ́n bá ń bú àwọn ará Áfíríkà, òun yóò sọ pé Granada ni wọ́n bí òun sí, bí ó bá jẹ́ Granada ni wọ́n ń bú, òun yóò sọ pé Áfíríkà ni òun dàgbà sí. Yorùbá tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò rántí àdán lójú ẹsẹ̀, tí kò ṣe eku tí kò ṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkáàánú ni àdán lẹ́nu Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni ẹyẹ Leo, ọgbọ́n ẹni tí ó wà lábẹ́ agbára ẹlòmíràn tí kò sì fẹ́ san owó-orí méjì. Maalouf gbé e lọ síwájú sí i: lọ́wọ́ rẹ̀, àìní ilé di ọlá. Hasan tirẹ̀ kò ní orílẹ̀-èdè, ó sì ń fi èyí yangàn. Ojú ọ̀nà ni ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ó sì yé ènìyàn ìdí tí ẹni tí ó sá kúrò ní Beirut yóò fi fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ojú ọ̀nà ni ilé òun kò bọ́ lọ́wọ́ onílé. Ilé ẹnì kan ni yóò sùn ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan ni yóò se oúnjẹ rẹ̀, ẹnì kan ni yóò sì bu omi fún ràkúnmí rẹ̀.

Ìgbà tí Hasan dé ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ni gbèsè yìí hàn. Nínú gbogbo ìwé tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀, ìrìn-àjò sí Songhai kò gba ju ìwọ̀nba ojú ìwé lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ń jẹ́ orúkọ ìlú ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní "Ará Áfíríkà" lo ìgbésí ayé rẹ̀ nínú ìwé yìí ní ìlú mẹ́rin tí gbogbo wọn kò jìnnà sí Òkun Mẹditaréníà. A lè sọ pé bí ìgbésí ayé Leo ṣe rí nìyẹn, òótọ́ sì ni. Kò pẹ́ ní Timbuktu. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ iye ọjọ́ tí Warda fi sunkún, Maalouf sì rí ojú ìwé fún un. Ibi tí ìwé ìtàn bá dákẹ́ ni òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ti ń yan ibi tí òun yóò ti sọ̀rọ̀.

Ohun tí Leo fúnra rẹ̀ kọ nípa Timbuktu kò kéré. Ó sọ nípa ilé amọ̀ tí a fi koríko bò, nípa mọ́ṣáláṣí àti ààfin tí oníṣẹ́ ọnà kan láti Granada kọ́, nípa àwọn adájọ́ àti àwọn ọ̀mọ̀wé tí ọba ń bọ́, àti nípa ìwé àfọwọ́kọ láti Àríwá tí èrè orí rẹ̀ ju ti ọjà èyíkéyìí mìíràn lọ. Ó ní nígbà tí òun lọ lẹ́ẹ̀kejì, iná jó nǹkan bí ìdajì ìlú láàárín wákàtí márùn-ún. Ìlú tí ń ra ìwé ju iyọ̀ lọ, tí koríko bò ó lórí, tí iná sì lè jó o láàárín ìrọ̀lẹ́ kan: èwo ni òǹkọ̀wé tún ń wá? Ta ni ó ta ìwé, ta ni ó rà á, kí ni ẹni tí ó rà á rò nípa ọ̀dọ́mọkùnrin ará Granada tí kò tíì hu irùngbọ̀n dáadáa tí ó wá ń wo ojú òun? Nínú Léon l'Africain, àlejò ni ó ń wo ìlú. Ìlú kò wo àlejò.

Ẹni tí ì bá wò ó ni Hiba. Nínú ìwé tirẹ̀, Leo sọ bí arákùnrin òbí rẹ̀ ṣe rán an sí olórí kan ní orí òkè láti lọ ké ewì fún un, tí olórí náà sì fi ẹrú àti ẹṣin san ẹ̀san ewì náà. Maalouf mú ìlà yìí, ó sì yọ ènìyàn kan jáde nínú rẹ̀: ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí kò tíì dàgbà tán, tí wọ́n fi ta Hasan lọ́rẹ. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé gidi ni èyí. Orúkọ ọmọbìnrin náà, Hiba, túmọ̀ sí Ẹ̀bùn ní èdè Lárúbáwá. Yorùbá náà ń sọ ọmọ ní Ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni ó ń fún òbí ní Ẹ̀bùn ti Yorùbá. Ọkùnrin ni ó ń fún ọkùnrin ní ti Maalouf. Hiba lẹ́wà, ó mọ ijó, ó fẹ́ràn ẹni tí ó ni ín, ó sì ń tù ú nínú. Ìfẹ́ rẹ̀ ni ó ń sọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà di ọkùnrin. Nígbà tí ó yá, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ìtàn náà sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Níbi yìí ni ó ti yẹ kí a rántí Salma. Maalouf mọ bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ fún obìnrin. Ó gbé e fún ìyá ní Granada, ìyá sì sọ ohun tí ọmọ kò lè mọ̀. Ta ni ó mọ ohun tí Hiba mọ̀? Ó mọ aṣálẹ̀ náà ní apá kejì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbà kọjá nínú rẹ̀ láìfẹ́. Ó mọ ìlú tí a ti jí i, ó mọ ìyá tí ó ń wá a. Ọjọ́ tí ó wọ ìlú rẹ̀ padà ni ì bá jẹ́ ojú ìwé tí ó lágbára jù lọ nínú ìtàn náà, bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó ń sọ ọ́. Ojú Hasan ni a fi ń rí i, ìrora Hasan ni a sì ń gbọ́. Ẹ̀bùn ni ó wá, ẹ̀bùn náà ni ó lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó le ju èyí lọ tún wà. Leo tí ó gbé ayé ní tòótọ́ kò fi gbogbo ìgbà pọ́n àwọn aláwọ̀ dúdú lé. Nínú apá keje ìwé rẹ̀, kí ó tó máa ka àwọn ìjọba ilẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ pé bí ẹranko ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbé tẹ́lẹ̀, láìní ọba láìní ìjọba. Ó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn kan ní ilẹ̀ Borno pẹ̀lú, ó ní wọn kò ní ẹ̀sìn. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rìn jìnnà. Wọ́n wà nínú ìwé tí Yúróòpù fi kọ́ ohun tí ó rò pé òun mọ̀ nípa wa, ní àkókò gan-an tí òwò ẹrú ń gbòòrò sí i. Hasan ti Maalouf jẹ́ ẹlẹ́yinjú àánú, ó kórìíra ìwà ìkà láti ọwọ́ ẹ̀sìn èyíkéyìí, òǹkọ̀wé rẹ̀ kò sì jẹ́ kí apá keje náà di ìṣòro fún un. Ìwé ìtàn àròsọ ní ẹ̀tọ́ láti yan. Ṣùgbọ́n ì bá jẹ́ ìwé tí ó ga ju èyí lọ tí Hasan bá jókòó ní Róòmù, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹrú tí wọ́n fi tọrẹ, tí ó di kálámù mú láti kọ ọ̀rọ̀ náà nípa àwọn ènìyàn Hiba, tí a sì rí ọwọ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tí wọ́n fi ta Póòpù lọ́rẹ ti gba ènìyàn lọ́rẹ rí. Àwọn ẹ̀bùn méjèèjì yìí wà nínú ìwé kan náà, òǹkọ̀wé kò sì jẹ́ kí wọ́n pàdé. Àléébù tí ó tóbi jù nínú Léon l'Africain nìyí, ó sì yani lẹ́nu pé àwọn tí ń yìn ín kì í sábà kà á sí.

Àwọn kan lè ní a ń béèrè lọ́wọ́ ará Lẹ́bánónì ohun tí ó jẹ́ ojúṣe ará ilé. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Kí a wá wo ará ilé. Ní 1955 ni Isaac Delano tẹ Aiyé d'Aiyé Òyìnbó jáde, ọgbọ̀n ọdún ó lé ọ̀kan ṣáájú Maalouf. Dídé ìjọba òyìnbó sí ilẹ̀ Yorùbá ni ìtàn náà, Àṣàbí, ìyàwó nínú agbo ilé ọlọ́lá kan, ni ó sì ń sọ ọ́. Òyìnbó dé, ṣùgbọ́n láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń rí i. A kò mọ ohun tí ó rò, a kò mọ ìyá tí ó bí i, a mọ ohun tí dídé rẹ̀ sọ ọkọ dà, tí ó sọ orogún dà, tí ó sọ ọ̀rọ̀ ẹnu baálé dà. Àlejò ni ó wá di ẹni tí kò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Delano kò bú òyìnbó tán, kò sì yìn ín tán. Àṣàbí kò ní àyè fún irú ìdájọ́ gbogbogbòò bẹ́ẹ̀, ilé ni ó ń bójú tó. Iṣẹ́ Delano kò ní ìgbòòrò ti Maalouf. Kò la aṣálẹ̀, kò mọ Róòmù, èdè rẹ̀ a sì máa dúró níbìkan láti kọ́ni ní àṣà bí olùkọ́ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ohun kan tí Maalouf kò ṣe fún Hiba, Delano ti ṣe é fún Àṣàbí. Ó ṣeni láàánú pé àwọn tí ń kàwé ní èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ pé ọ̀nà náà ti là.

D. O. Fagunwa pàápàá, tí kò kọ ìtàn tí ó ní ọdún, mọ̀ pé ìròyìn arìnrìn-àjò kì í pé bí kò bá sí ẹni tí ń gbọ́ ọ. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, Àkàrà-Ògùn ń sọ tirẹ̀, ẹlòmíràn ń kọ ọ́, àwọn ará àdúgbò sì ń rọ́ wá gbọ́ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ọmọ Hasan tí ó jókòó nínú ọkọ̀ kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Bí òǹkọ̀wé Yorùbá kan bá wá fẹ́ mú àwọn arìnrìn-àjò etíkun tiwa, àpẹẹrẹ tí ó wà níwájú rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn Pọtogí kò lè ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Kí a mú Duarte Pacheco Pereira. Nínú ìwé tí ó kọ láàárín 1505 sí 1508, ó sọ nípa ọ̀sà yìí, ó sì sọ nípa ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Ìjẹ̀bú ni, ibi tí Erédò Sùngbọ́, tí gígùn rẹ̀ lé ní ọgọ́jọ kìlómítà, ṣì wà nínú igbó títí di òní. Ó ní ẹrú ni òwò ibẹ̀, pé ẹ̀gbà idẹ méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ń ra ènìyàn kan, àti eyín erin díẹ̀. Ọkùnrin yìí gbé ayé tí ó kún fún ìṣẹ̀lẹ̀: Bartolomeu Dias bá a lórí àìsàn ní erékùṣù Príncipe ní 1488, ó jagun ní Cochin ní ilẹ̀ Íńdíà, ó di gómìnà ní Mina, wọ́n sì mú un kúrò níbẹ̀ padà sílé bí ọ̀daràn. Nígbà tí Camões, akéwì àwọn Pọtogí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ, fi í ṣe akọni nínú ewì ńlá tí ó jáde ní 1572, ogun Cochin ni ó kọrin rẹ̀. Ẹ̀gbà idẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò wọ inú orin náà.

Sequeira ṣòro ju Pacheco lọ, nítorí pé kò fi ìwé sílẹ̀ bí Pacheco ti ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ilé Granada tí a lè fi kún un. Àǹfààní ni èyí fún òǹkọ̀wé tí ó bá gbọ́n, nítorí pé kò sí ohùn àlejò tí yóò borí ti onílé. Ohun tí ó wà nílẹ̀ fún un ni omi, ilẹ̀, oyè, àti ìtàn awo tí ó rì. Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí ní Ìddó àti ní Òtò kì í sọ ọ́ fún ìdárayá. Ilẹ̀ ni wọ́n fi ń dì mú. Nígbà tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, tí ó jẹ́ Ìdéjọ bí Olótò, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá dé iwájú ìgbìmọ̀ ọba ní London, tí ìdájọ́ sì gbè é ní 1921, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ẹ̀tọ́ ìdílé náà dúró lé. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ lo ìtàn Ọlọ́fin gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí ó mú lọ́wọ́ ṣì ní olówó. Ti Maalouf kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdílé kan ní Fez tí yóò bá a ṣe ẹjọ́ nítorí Salma.

Ìṣòro èdè ni yóò sì dé bá a ṣáájú ohun gbogbo. Nínú Léon l'Africain, èdè kan ṣoṣo ni etí òǹkàwé ń gbọ́, èdè Faransé tí ó gún régé, yálà ará Granada ni ó ń sọ̀rọ̀ ni o, tàbí ará Timbuktu, tàbí Póòpù. Ní ẹnu ọ̀sà ní 1472, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kan wà lókè omi, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń ju okùn olójé sí ìsàlẹ̀ láti mọ bí omi ti jìn tó, wọ́n ń pariwo ìwọ̀n rẹ̀ sí ara wọn. Nínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwé, apẹja kan ń wò wọ́n. Ó ti mọ bí omi náà ti jìn tó láti kékeré. Ohun tí àwọn àlejò náà ń pariwo kò yé e, òǹkọ̀wé tí ó bá jókòó sórí ẹní rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún òǹkàwé.